Àgádágodo Nínú Ọkọ̀ Ọlọ́kọ̀

Ọ̀gá ti fóònù orí tábìlì sọ́dọ̀ obìnrin tó ń bá a ta ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tó jẹ́ alágbàfọ̀ ni kí o kọ́kọ́ pè," ni ó wí. "Bí ó bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e."

Obìnrin náà kò fọwọ́ kan fóònù. Òun ló ń bá iléeṣẹ́ yìí ta ọkọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kan àkọ́kọ́ nínú gáréèjì tí òjò ń jò wọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké ni, oníbátìrì, tí kì í mu epo, tí kì í pariwo. Ó ti tà á fún alágbàfọ̀, fún obìnrin tó ń gbé wàrà kiri, fún oníbúrẹ́dì, fún àwọn tó ń gbé ẹrù dé ilé onílé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún gbogbo wọn. Ẹ san owó lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ di tiyín. Bí bátìrì bá ti rẹ̀, a ó tú u, a ó yọ èyí tó kú nínú rẹ̀, a ó fi òmíràn sí i, ó parí.

Iléeṣẹ́ ńlá tó wà ní òdìkejì títì kì í ta ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Háyà ni tiwọn. Wọ́n á gbé ọkọ̀ tuntun fún ọ láìgba kọ́bọ̀, o ó sì máa san lóṣooṣù. Oṣù tí o kò bá san, ẹnìkan á jókòó sínú ọ́fíìsì wọn, á tẹ bọ́tìnì kan, ọkọ̀ á kú sí ojú títì tẹrù-tẹrù. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ nípa bọ́tìnì náà. Síbẹ̀ wọ́n ń rọ́ lọ síbẹ̀. Láti ìgbà tí ọdún ti yí, ọkọ̀ tí a kò rí tà ń pọ̀ sí i nínú ọgbà iléeṣẹ́ kékeré yìí, eruku sì ń bò wọ́n.

Nísinsìnyí Ọ̀gá fẹ́ ṣe bíi tiwọn. Kì í ṣe lára ọkọ̀ tuntun nìkan. Ó fẹ́ pe gbogbo ẹni tó ti ra ọkọ̀ padà wá fún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá ti gbé e dé, àwọn mẹkáníìkì á fi ẹ̀rọ kékeré kan tó lè pa ọkọ̀ láti ọ́fíìsì pamọ́ sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá gbọ́ pé owó ìtọ́jú oṣooṣù ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ọkọ̀ ẹni tí kò bá san kò ní gbéra.

"Ẹ̀rọ ààbò ni," ni Ọ̀gá wí.

"Àgádágodo ni, sà."

"Pè é ní ohun tó bá wù ọ́. Ṣáà pe àwọn ènìyàn. Ohùn rẹ ni wọ́n mọ̀."

Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí iṣẹ́ dákẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò lé ẹnikẹ́ni lọ. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó ta ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló tà á; ẹni tó fi ṣe háyà, ojoojúmọ́ ló ń tà á.

Obìnrin náà ní bátìrì àwọn tọ̀hún kò ṣeé tú, tiwọn ṣeé tú. Tó bá ṣe díẹ̀, ọkọ̀ tọ̀hún á di pàǹtí, tiwọn á ṣì máa rìn. Kí wọ́n mú sùúrù, kí wọ́n ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀gá ní òun ti sọ ìyẹn fún gbogbo ayé títí ẹnu fi rẹ òun. Kò sí ẹni tó ń fi ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ra ọkọ̀. Ohun tó ń dun kálukú lónìí ni wọ́n ń wò.

"Bí a bá dúró lórí ìwà rere wa yìí," ó ní, "orí ẹ̀ náà ni wọ́n máa sin wá sí."

Obìnrin náà mọ̀ pé apá kan òtítọ́ wà níbẹ̀. Ó ti rí i lẹ́nu ọ̀nà àwọn oníbàárà. Ó dìde, ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù. Ọ̀gá ní kí ó lọ, kí ó sì tètè dé. Kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lónìí, òun fẹ́ kí ó ti pe gbogbo wọn.

Ooru ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ilé alágbàfọ̀. Aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì funfun ga bí òkìtì lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wà nídìí áyọ́ọ̀nù, kò gbójú sókè.

"Ìyàwó wa. Ọkọ̀ tí o tà fún mi kì í dún. Ìwọ ni mo ń gbọ́ láti ojú títì."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá."

"Oúnjẹ lo gbé wá, àbí wàhálà?"

"Wàhálà ni."

"Ó sàn. Oúnjẹ ì bá ti tutù. Jókòó."

Kó tó lanu, ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn tirẹ̀. Àwọn ará òdìkejì títì ti wá bá a láàárọ̀. Wọ́n ní àwọn á gba ọkọ̀ ọwọ́ rẹ̀, àwọn á sì gbé mẹ́ta tuntun fún un, kí ó ṣáà máa san lóṣooṣù. Àkọ́bí rẹ̀ ti ń yọ̀ kiri. Ó lé wọn jáde, àkọ́bí náà kò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

"Mo ní ìyàwó wa ló ta tèmi fún mi," ó ní. "Mo ní ó ti fi dá mi lójú pé kò sí ẹni tó lè tì í mọ́ mi lójú."

Obìnrin náà mọ ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́, onílé fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà nítorí owó ilé, aṣọ àwọn oníbàárà sì wà nínú ilé. Wọ́n pè é ní olè ní ìta gbangba. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé aṣọ fún un.

Bí ó bá sọ fún un pé kó gbé ọkọ̀ wá fún àyẹ̀wò, lọ́la ni yóò gbé e wá. Kò ní béèrè nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń da obìnrin náà láàmú.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Ọ̀gá yín ló ní kí o wá sọ fún mi?"

"Rárá. Ó ní kí n má sọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ewúrẹ́, kí o sì di okùn rẹ̀ mú. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá gbé e lọ, inú á bí i. Lọ́jọ́ tí bátìrì bá dá mi dúró, ta ni yóò tún un ṣe fún mi?"

Obìnrin náà wo òkìtì aṣọ orí tábìlì.

"Òótọ́ tí o sọ yìí dára, ìyàwó. Ṣùgbọ́n kò lè gbé aṣọ dé hòtẹ́ẹ̀lì."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá."

"Má kàn mọ̀ ọ́n lásán. Lọ wá ìdáhùn wá." Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lé aṣọ.

Ojú ọ̀nà ni ó wà nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n òun ti pè, ó ní orí ìyàwó àwọn ti dàrú, inú òun sì dùn sí i púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí iṣẹ́ náà bá bọ́.

"Ẹnu mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́," ni ìyàwó dáhùn. "Bó bá ti bà jẹ́, kí ni mo tún fẹ́ fi tà?"

Ọkọ mí kanlẹ̀. Ó ní bó bá máa jáde níbẹ̀, kó rọra jáde, kó má fi ìbínú ṣe é.

Kò lọ bá Ọ̀gá tààrà. Ó yà sí ìdí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè nínú ọgbà, níbi tí ọ̀gá mẹkáníìkì wà. Wáyà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó tín-ín-rín, wáyà kì í sì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin náà bi í bóyá ó lè tún bátìrì wọn ṣe níbòmíràn, lẹ́yìn odi ọgbà yìí.

"Bátìrì ò mọ ẹni tó ni ọgbà," ni Wáyà dáhùn lábẹ́ ọkọ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ẹni tó ń ta ohun èlò bátìrì, gbogbo ayé ló ń tà á fún. Ṣá o, wọ́n ò gbọ́dọ̀ sọ fún ìyàwó òun. Á kọ́kọ́ pa òun ná, kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi, tòun ni, ọwọ́ òun méjèèjì sì pé.

"Àgádágodo yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń fi sí i?"

"Wọ́n ti gbé páálí ẹ̀ wá láàárọ̀. Mi ò tíì tú u. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n gbé páálí dé."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó sì ròyìn ohun tó sọ nílé alágbàfọ̀ fún Ọ̀gá.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán láìjá ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé, níbi tí a ti ń rí ọgbà àwọn ará òdìkejì àti ọkọ̀ wọn tó ń wọlé, tó ń jáde.

"O ti pa wá," ó ní.

"Mi ò pa ẹnikẹ́ni, sà. Ẹ jẹ́ ká máa tún bátìrì ṣe fún gbogbo ẹni tó bá gbé e wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sanwó nítorí pé a mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ṣe nítorí pé a ti ọkọ̀ wọn pa."

"Kí n jókòó sẹ́bàá títì bí ẹni tó ń lẹ táyà?"

"Ẹni tó ń lẹ táyà kì í lé oníbàárà kiri, sà. Wọ́n máa ń padà wá bá a."

Ọ̀gá fọwọ́ nu ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní òun náà ní ẹ̀gbọ́n. Ti alágbàfọ̀, òun fojú fò ó, wọn kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ láéláé, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́. Ẹbí ni ẹbí ń jẹ́.

"Àwọn yòókù kì í ṣe ẹbí rẹ," ó ní. "Pè wọ́n."

Obìnrin náà jókòó. Ó rò ó. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí i lọ́kàn, àti ọkọ rẹ̀ tó ní kó rọra. Ọ̀nà tí Ọ̀gá là fún un yìí kò ní ẹ̀gún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àgádágodo, iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ẹbí á sì ní ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún alágbàfọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó sọ fún obìnrin oníwàrà. Nínú yàrá ìdáná obìnrin náà ló ti sọ ọ́, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ó fa fóònù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ojú Ọ̀gá kọ́kọ́ tú ká. Nígbà tó wo ojú obìnrin náà dáadáa, ó yé e.

"Bí o bá sọ ohun tí o sọ fún alágbàfọ̀ fún ẹlòmíràn, má wulẹ̀ wá síṣẹ́ lọ́la."

"Mo gbọ́, sà."

Ó tẹ nọ́ńbà obìnrin oníwàrà láìwo ìwé. Fóònù ń dún ní ọ̀hún. Ọ̀gá na ọwọ́ sí wáyà fóònù bí ẹni tó fẹ́ fà á yọ, ọwọ́ náà sì dúró sórí tábìlì, kò tún lọ síwájú.

Ẹnìkan gbé e. Ariwo agolo ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta nìyẹn? Ṣé iléeṣẹ́ ọkọ̀ ni?"

"Rárá, mà," ó ní. "Èmi tí mo tà á fún yín ni."