Adágún Àwọn Àgbà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọgbà omi ṣe yẹ kó rí, kó má lọ bi àwọn tó ń fò sínú omi. Kó bi Success, ọmọ ọmọ mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ọgbà omi mẹ́ta ló ti dé, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Ìlọrin, kò sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan omi níbì kankan nínú wọn. Èmi ni mo ní kó má fi kàn án.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, àìsàn tí àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Bí omi tútù bá mú un lónìí, ó lè jẹ́ ọ̀la ni eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ìrora náà á sì le débi pé kò ní lókun láti sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí Ọládayọ̀ ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ gbé e wá bá mi ní Òmù-Àràn láti Èkó, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè dúró tì í nílé lọ́hùn-ún nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé, ọ̀rọ̀ "rárá" sì ti mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá rẹ̀ ló máa ń mú wa lọ sí àwọn ọgbà náà nígbà ìsinmi. Ó ní kó ṣáà máa fojú rí i. Success kì í bẹ̀bẹ̀. Á jókòó tì mí lábẹ́ agboòrùn, á yọ ìwé àti pẹ́ńsù, á máa wo ibẹ̀ látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ilé.

Ti Èkó, wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ńlá, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì mọ àbùùbùtán kan sí ẹnu ọ̀nà. Ẹja yẹn ni èmi ń wò. Success ń wo àga.

"Màmá, ẹ wo àwọn àga yìí. Ibi tí àwọn ìyá ń jókòó sí kọ ẹ̀yìn sí omi. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìpanu ni wọ́n kọjú sí."

Mo wò ó, òótọ́ ni. Ti Ìbàdàn, bí igbó ni wọ́n ṣe é, pẹ̀lú olú ràgàjì-ràgàjì tí omi ń ṣàn létí wọn. Success ní ẹni tó ṣe ibẹ̀ kò bímọ. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ń fi aṣọ ìnura kọ́ ga ju orí òun lọ, àti pé ọmọ kékeré kò lè gun àtẹ̀gùn wọn láìrákò. Ní Ìlọrin ló ti kọ́ mi pé bí àwọ̀ táìlì bá yí padà nísàlẹ̀ omi, wọ́n ń sọ fún èèyàn pé ó ti ń jìn sí i ni. Èmi olùkọ́, ọmọ ń kọ́ mi, mo sì ń gbádùn rẹ̀.

Ohun tí mi ò gbádùn ni ìgbà tó bá gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Á kàn máa wo àwọn ọmọ yòókù fún bí ìṣẹ́jú kan, bí wọ́n ṣe ń ta omi sí ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà á tún gbé pẹ́ńsù rẹ̀, èmi náà á sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lọ́dún yìí, wọ́n ṣí ọgbà omi kan ní ọ̀nà Ẹ̀síẹ̀, kò jìnnà sí wa. Wọ́n ní àwọn ère Ẹ̀síẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

"Èmi, ìyá ìjọ," mo ní, "kí n lọ jókòó sáàárín ère?"

"Màmá, sìmẹ́ńtì ni. Ti òkúta gidi wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n ti kó wa lọ wò ó láti ilé ìwé."

Ọjọ́ Túsìdeè lẹ́yìn Àjíǹde la lọ, nígbà tí àwọn ará Èkó tó wá sílé ti ń padà, tí ibẹ̀ sì ti dá. Oòrùn ń ràn gan-an. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hussainat ló já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Inú ọgbà la ti bá Bashir, ọmọ ìlú Bàbáńlá, òun ló kọ́ ibẹ̀, òun náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fọ ẹsẹ̀ ère.

Àwọn ère náà tó ogún. Wọ́n jókòó yí omi ká, wọ́n dirun, àwọn mìíràn dé fìlà, ilà sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Success rìn yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí omi kò jáde lẹ́nu wọn? Gbogbo ibi tí mo ti dé, ẹnu ẹranko tàbí ẹnu èèyàn ni omi ti ń jáde."

Bashir gbé kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá mi ló bá mi mọ wọ́n. Wọ́n ní àgbà kì í tutọ́ sí ọmọ lára. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ní kí omi gbà."

Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ère kọ̀ọ̀kan la ọwọ́ lé orúnkún, omi sì ń ti ọwọ́ wọn ṣàn.

"Gbogbo wọn tún kọjú sí ibi tí omi kò jìn," Success sọ.

"Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ kéékèèké ń wà. Ta tún ni kí àgbà máa ṣọ́?"

Success kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. N kò tíì rí i kó fa ìlà sábẹ́ ohun kankan rí.

Ẹ̀yìn àwọn ère ló ti rí adágún kékeré kan. Kò ní ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ wálẹ̀, kò ní òdòdó. Àtẹ̀gùn tó fẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, irin ìdìmú wà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fi rọ́bà wé irin náà kí ó má baà jó èèyàn lọ́wọ́. Àga sìmẹ́ńtì wà nínú omi. Páìpù dúdú ká lọ ká bọ̀ lórí òrùlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bashir ní inú páìpù yẹn ni omi ń gbà, tí oòrùn á mú un gbóná, torí àwọn àgbà tó ń ti Èkó bọ̀ wá sin òkú, tí wọ́n á ti jókòó sínú mọ́tò títí orúnkún wọn á fi le. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà: "Ẹni ọgọ́ta ọdún sókè nìkan. Àgbà kò gbọdọ̀ dá wọlé, àfi pẹ̀lú ẹni tó máa dì í lọ́wọ́ mú."

Success kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ dá wọlé."

"Ta ló sọ pé mo fẹ́ wọlé?"

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ omi dé ọrùn ọwọ́. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Màmá. Bí omi tí ẹ fi ń wẹ̀ mí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó jókòó sétí ibẹ̀, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tó ń wò. Omi lásán ló ń wò.

"Mi ò bẹ̀ yín o, Màmá. Mo kàn ń wò ó ni."

Ìyẹn ló pa mí. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, "rárá" ti wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Aaron. Òun ni àkọ́bí mi, ẹ̀gbọ́n Ọládayọ̀. Òwu-Ìsin ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nígbà yẹn, a kò sì mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n ní làkúrègbé ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá pè é lọ sí odò. Ó bẹ̀ mí títí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kó máa bá wọn lọ. Òru ọjọ́ yẹn ni ìrora náà dé, ní Túsìdeè la sin ín. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Bàbá rẹ̀ kò bá mi wí títí òun náà fi kú. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ní kó máa lọ. A kì í dárúkọ Aaron létí Success, kó má baà máa fi ìyẹn ka ọjọ́ orí tirẹ̀.

Mo rìn lọ sẹ́yìn ère kan, mo pe Ọládayọ̀ lórí fóònù.

"Màmá, dókítà sọ pé omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú, tí kò bá ti pẹ́ níbẹ̀, tó sì tètè nu ara. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́."

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ gbọ́, Màmá. Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe, mo fara mọ́ ọn."

Inú bí mi. Mo fẹ́ kó ní kí n má ṣe é, kí ọ̀rọ̀ náà lè bọ́ lọ́rùn mi. Mo fi fóònù sápò, mo lọ sọ fún Hussainat pé a fẹ́ wọ omi.

Hussainat ní ìró kì í wọ omi, pé yóò wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Aṣọ odò kan ṣoṣo tó gbà mí ni èyí tí wọ́n rán fún àwọn obìnrin Mùsùlùmí, ó bo ọwọ́, ó bo ẹsẹ̀, ìbòrí wà lára rẹ̀. Mo wo ara mi nínú dígí. Mo ní bí pásítọ̀ wa bá gba ibí kọjá báyìí, á ní mo ti ṣí lọ sí mọ́ṣáláṣí. Hussainat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní òun á bá mi tẹ́ ẹní sílẹ̀ de aago ìrun.

Ó bá Success náà wá aṣọ. Nígbà tí ọmọ náà rí mi, ó na ọwọ́ sí mi. Mo sọ fún Bashir kó ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù rẹ̀, kó má fi ẹyọ kan lé e.

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi náà kò wọ omi tó kọjá orúnkún rí láyé mi. Success ló ṣíwájú.

"Ìpele márùn-ún ni, Màmá. Ìkẹta fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹ lè sinmi níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, mo dì yín mú."

Mo sinmi níbi ìkẹta. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá òtútù ń mú un, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ara rẹ̀ móoru. A sọ̀ kalẹ̀ tán, a jókòó sórí àga sìmẹ́ńtì, omi dé àyà rẹ̀. Kò ta omi sókè. Kò pariwo. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń la ọwọ́ ó ń pa á dé lábẹ́ omi.

"Màmá, ṣé bó ṣe máa ń rí lára gbogbo èèyàn nìyí?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí lé mi léjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì gbéra nílẹ̀ fúnra wọn. Mo fi ọwọ́ gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ tí mo ti ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn láti ọdún méje, kò wúwo rárá nínú omi. Nígbà tí Bashir ní ó ti pé, Success ló kọ́kọ́ dìde.

Mo nu ún títí awọ ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo wọ súwẹ́tà fún un nínú oòrùn, Hussainat gbé ògì gbígbóná wá, mo sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Nílé, mo ní kó mu omi, mo tún ní kó mu omi.

Lójúmọ́ ọjọ́ kejì, mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí ìrora náà bá máa dé, ìdájí ló máa ń dé. Kì í kígbe, á kàn máa pè mí jẹ́jẹ́, "Màmá, Màmá." Mo gbé àpótí, mo jókòó, mo ń gbọ́. Oòrùn yọ. Mo gbọ́ tó yí padà lórí ẹní, mo gbọ́ tó dìde, tó ń wá bàtà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Ibo ló ń dùn ọ́?"

"Kò sí."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn ńkọ́? Má purọ́ fún mi."

"Kò síbi tó ń dùn mí, Màmá. Ebi ló ń pa mí."

Ẹkún gbé mi níbẹ̀. Ẹkún Aaron ni, èyí tí mi ò sun tán láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo fi ìborùn bojú, ṣùgbọ́n kò ṣeé pa mọ́ra. Success wò mí, ó wo orúnkún mi, ó sáré wọlé.

Róòbù ló mú jáde. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó ká ìró mi sókè díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa mí lórúnkún. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ó ń sọ bẹ́ẹ̀, "àtẹ̀gùn yẹn ni. Ẹ pẹ̀lẹ́, ó máa lọ." Mi ò sọ fún un pé kì í ṣe orúnkún. Mo jẹ́ kó máa fi pa á.