Orúkọ Mabel

Nígbà tí mo ń kọ eré sinimá ní Họ́líwúùdù, mo kọ ọ̀kan nípa Dorsey, àbúrò mi tí ihò èédú wó lù pa. Bí Brandvold, olówó eré náà, ṣe ń kà á ló ń jẹ ẹran, ọ̀rá ń kán sórí ìwé.

"Wendell ọ̀rẹ́ mi, ikú yìí ò ní tà. Jẹ́ kó jáde láàyè, kó fẹ́ nọ́ọ̀sì."

"Ọ̀gá, Dorsey ò jáde."

"Tèmi á jáde!" Ó fi ojú ìwé ikú Dorsey nu ẹnu.

Mo yọ orúkọ mi kúrò gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé eré náà, mo fi ti ẹlẹ́dẹ̀ tí Dorsey ń sìn rọ́pò.

"Ta ni Mabel?"

"Ará ilé wa ni, ọ̀gá. Bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun yẹn lòun náà ń jẹun."