Ọwọ́ Lára Awọ Àgbọ̀nrín

Nígbà tí Aune Kantola fọwọ́ pa ọrùn awọ náà, irun bá ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kò fà á o. Irun náà kàn ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n da omi gbígbóná lé, ó sì bọ́ sórí tábìlì. Àgbọ̀nrín yìí ni ẹran tí Urho ọkọ rẹ̀ pa kẹ́yìn láyé, bí awọ yìí bá sì bàjẹ́, kò sí òmíràn.

Ẹ̀bi ìlú ni, bí ẹ bá bi mí. Ní àríwá Míṣígàn níbẹ̀, igi gbọọrọ kan wà láàárín ìlú tí àwọn ọdẹ ń so àgbọ̀nrín rọ̀ sí kí aráyé lè wò ó. Ẹni tó pa á nìkan ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Urho so tirẹ̀ rọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ta ni yóò wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Wọ́n ní àwọn ń bọ̀wọ̀ fún òkú. Wọ́n fi ẹran sílẹ̀ nínú oòrùn títí wọ́n fi sìnkú tán, òtútù ọdún náà sì kọ̀, kò dé. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?

"Mo sọ fún ọ," Wendell Rask wí. Òun ló ń kọ́ Aune bí wọ́n ṣe ń fi awọ wọ ère kí ẹran lè dúró bí ààyè. "Iyọ̀ ò tètè kàn án. Irun tó bá ti ṣí, ó ṣí náà nìyẹn."

"Gbẹ́nu dákẹ́, kó o gbé iyọ̀ wá."

"Olórí kunkun! Ìwọ gan-an ló yẹ ká gbé kọ́ ara ògiri."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí Wendell ṣe bẹ̀rẹ̀ wo ibi tó pá náà, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Abẹ́ ikùn ni irun ti máa ń kọ́kọ́ ṣí. Kì í ṣe ọrùn." Ó fa irun ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ wò, kò já.

Ibi tó pá náà ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ní àtàǹpàkò àti ìka mẹ́ta. Níbi tó yẹ kí ìka òrùka wà, irun ṣì dúró digbí. Ayùn ti gé ìka yẹn lọ́wọ́ òsì Urho látijọ́, níbi iṣẹ́ pákó.

"Aune, ta ló bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí igi?"

"Ṣé ìwọ kọ́ ni? Nígbà tá a ti ibi ìsìnkú dé, ilẹ̀ ni mo bá a."

"Èmi kọ́ o. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò."

Wendell fa ọ̀bẹ yọ. "Jẹ́ kí n gé ibẹ̀ dànù, ká rán an pọ̀."

"O ò ní gé e!"

Ẹ̀rù ba Aune. Ṣùgbọ́n àárò ju ẹ̀rù lọ. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yẹn, lórí irun tí Wendell ti fà wò tí kò já. Awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò, irun bá a lọ.

Ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, àtàǹpàkò kan àtàǹpàkò.

Wendell rọra dá ọ̀bẹ padà sápò. "Ibo lo máa gbé e kọ́?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì," Aune wí. "Apá ibi tó máa ń sùn sí."