Oyin Inú Àpótí Àmọ̀pé

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé Àmọ̀pé ò tọ́jú ọkọ rẹ̀, kó wá ibòmíràn sọ ọ́, kó má sọ ọ́ létí mi. Gbogbo Àràndún ló rí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ pé Ṣàngóbùnmi ní àtọ̀gbẹ ni ìyàwó rẹ̀ ti di wọ́dà lé e lórí. Ó kó ṣúgà kúrò nílé, ó kó ìrẹsì kúrò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n ló ń bẹ, tó ń sá, tó ń lọ̀, òun náà ló sì ń rò fún un. Bí wọ́n bá lọ síbi ìnáwó, á jókòó tì í gbágbáágbá, á máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ sínú abọ́.

Oyin nìkan ló fẹ́ ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Iṣẹ́ oyin ni Ṣàngóbùnmi bá lọ́wọ́ baba rẹ̀. Nígbà tí ara ṣì le, kò sí igi tí kì í gùn lọ bá oyin nínú igbó. Nígbà tí orúnkún kọ̀ fún un, ó kan ilé pákó fún wọn sí oko, àwọn oyin sì ń wá gbé ibẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń lá oyin kó tó mọ̀ọ́ rìn, ẹ wá ní kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò mọ́. Ó le, àbí kò le? Àmọ̀pé kó gbogbo ìgò oyin sínú àpótí onírin rẹ̀, ó fi àgádágodo tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Bí oníbàárà bá dé, òun ni yóò ṣí i.

Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa àìsàn náà kò ju ohun tí Ọládiípọ̀, ọmọ wọn tó ń gbé Èkó, sọ fún un lọ. Òun ló wálé tó gbé baba rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀mù-Àrán. Nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ títí níbẹ̀, ó gba oògùn, ó gbé baba padà wálé. Ọkàn rẹ̀ ti wà ní Èkó nítorí iṣẹ́, kò tilẹ̀ jókòó.

"Màmá, ṣúgà ló fẹ́ pa wọ́n o," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹnu kan ohun dídùn. Oògùn yìí, hóró kan láràárọ̀."

Ó ti wọ mọ́tò lọ. Àmọ̀pé di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin, kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, baba náà ń jalè. Bó bá ti pẹ́ lóko láìjẹun, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, á sì ti ọwọ́ bọ afárá. Àmọ̀pé á dé lójijì, á bá a tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán.

"Ara mi ló ń gbọ̀n, Àmọ̀pé. Bí mo bá ti lá a báyìí, á rọlẹ̀."

"Ẹnu yín ló ń gbọ̀n, Baba Ọládiípọ̀. Olè oyin ni yín."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, á gba afárá lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ará ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tó yá, ìyàwó Ọládiípọ̀ bímọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ìlọrin. Ṣàngóbùnmi ní ọmọ àkọ́kọ́ tí ọmọ òun máa bí, agboolé òun ni wọ́n ti máa sọ ọ́ lórúkọ. Nílé wọn, àgbà tó máa sọ ọmọ lórúkọ kì í fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìbáà ṣe omi. Oyin tí yóò fi kan ọmọ létè ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ètè tirẹ̀. Àmọ̀pé fara mọ́ ọn, ó ní bó ti wù kó pọ̀ tó, orí ìka kan péré ni.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Oyin ń bọ̀, iyán ń bọ̀, àwọn ará Èkó á sì tún gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì, ó ní kí oògùn ti ṣáájú gbogbo wọn dé ikùn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó fún ọkọ rẹ̀ ní hóró méjì dípò ẹyọ kan. Ṣàngóbùnmi gbé e mì láìfi omi sí i, nítorí àṣà ilé wọn.

Ọládiípọ̀, tó ń gbé ìyá àti ọmọ bọ̀ láti Ìlọrin, pè láti Ganmọ pé mọ́tò bàjẹ́ sí àwọn lọ́wọ́, mẹkáníìkì ti wà nídìí ẹ̀. Oòrùn ń ga sí i. Àwọn àgbà ìdílé jókòó sí pálọ̀, ìgò oyin wà lórí tábìlì pẹ̀lú orógbó àti obì. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bo Ṣàngóbùnmi.

"Àmọ̀pé, bu oyin yẹn fún mi. Ara mi ń gbọ̀n."

"Ẹ ò rí i bí? Ọmọ ò tíì dé, ẹ ti fẹ́ lá oyin rẹ̀." Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ̀pé gbé ìgò náà, ó lọ tì í mọ́ inú àpótí.

Kò pẹ́, ọkùnrin náà dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu. Ó wọ yàrá lọ, ó di àgádágodo mú, ó ń fà á. Ìtìjú bo Àmọ̀pé níwájú àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Ó sáré bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣàngóbùnmi wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo.

"Jọ̀ọ́," ó ní. Ọkùnrin tí kì í bẹ èèyàn.

Àánú ṣe Àmọ̀pé, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó fi ọwọ́ bo kọ́kọ́rọ́ tó wà létí ìró rẹ̀, ó gbé ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Nígbà tó gbọ́ pé ó ń hanrun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó jáde lọ sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n rọra, baba ti sùn.

Ìgbà tí ọmọ dé, wọ́n jí baba, kò jí. Mọ́tò tó gbé ọmọ wá náà ni wọ́n fi gbé e dìgbàdìgbà lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Nọ́ọ̀sì Asisat gún un níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn," ó ní.

Àmọ̀pé kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá a jà."

Nọ́ọ̀sì ti ń wá iṣan. Ó so omi ṣúgà mọ́ baba náà lápá ná, ó tó yíjú sí wọn. "Màmá, oògùn yìí láìjẹun máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ jù, bó bá sì lọ sílẹ̀ tó báyìí, òun gan-an ló ń pààyàn. Bí òógùn bá bò wọ́n, tí ara wọn ń gbọ̀n, ohun dídùn lẹ máa fún wọn, kíákíá. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tó mú wọn wá lọ́jọ́sí."

Ọládiípọ̀ ń wo ilẹ̀.

"Bí oyin," ni Àmọ̀pé wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ṣíbí oyin kan."

Ṣàngóbùnmi ò lajú mọ́. Ó kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọládiípọ̀ wọlé bá ìyá rẹ̀ ní yàrá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àpótí ti wà ní ṣíṣí. Àmọ̀pé jókòó síwájú rẹ̀, ó to àwọn ìgò oyin náà yí ara rẹ̀ ká.

"Màmá, èmi ni mo fà á. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún mi. Ìrìn àjò ló wà lórí mi, mi ò sọ ọ́ fún yín."

Àmọ̀pé ò wò ó. Ó ń fi aṣọ nu ìgò kan, ó nù ún títí.

"Dìde," ó ní. "Baba rẹ náà sọ ọ́ fún mi. Gbogbo ìgbà tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n ló ń sọ ọ́ fún mi, tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́."