Ìdúpẹ́ fún Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Ópẹ́rà

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Ópẹ́rà máa ń pàdé nínú pálọ̀ Bàbá Ìbíkúnlé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní Sùúrùlérè. Àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba láti ìjọ wa ní Yaba ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á gbọ́ àwo orin àwọn ará Ítálì, wọ́n á mu tíì, wọ́n á sì máa retí ọjọ́ tí ópẹ́rà tòótọ́, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò dé ilé eré ńlá tí ìjọba ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìgànmú. Èmi ni olùkọ́ wọn. Nítorí pé mo kàwé jáde ní Ifẹ̀, tí mo sì ń gbé inú ilé náà, èmi ni mo ń sọ ìtàn ópẹ́rà kí wọ́n tó fi àwo sí gírámafóònù, èmi náà ni mo sì ń dìde ní ìparí láti dúpẹ́ lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.

Ní ọ̀sán tí mò ń wí yìí, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ ní pápá ìṣeré, ariwo èrò sì ń wọlé tọ̀ wá. Bàbá Ìbíkúnlé ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì tẹ́lẹ̀, nítorí òfin ẹgbẹ́ ni pé bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jáde. Fáànù ń yí lókè, ooru kan náà ló sì ń bù fún wa kiri.

Lọ́yà Túbọ̀sún ló ni gírámafóònù àti gbogbo àwo tí a ń lò. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Bàbá ti bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé rí, mo sì sọ fún wọn kedere pé n kò fẹ́ ẹ. Bàbá kò bínú. "A ti gbọ́," ni wọ́n wí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ópẹ́rà ọjọ́ náà dá lórí ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ fi fún arúgbó ọlọ́lá. Mo kìlọ̀ fún wọn pé orin tó máa kọ kì í ṣe orin ìfẹ́, ẹ̀hónú ni. "Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi tọrẹ ló ń sọ̀rọ̀," ni mo wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ."

Nígbà tí obìnrin inú àwo gbé ohùn sókè pé òun kò ní lọ, Àǹtí Hilda, ìyàwó Bàbá, ń nu ojú. Àǹtí Lucy, tó ń tẹ dùrù nínú ìjọ, ń mi orí.

"Ẹ wo ẹni tó ń sunkún tí ohùn rẹ̀ kò sì há," ni Àǹtí Lucy wí. "Ẹ tún un fi sí i."

Wọ́n tún un fi sí i. Lẹ́yìn náà ni Bàbá dìde.

"Ẹ̀yin ará, kí Fúnmiláyọ̀ tó bá wa dúpẹ́, ẹ gbọ́. Lọ́yà ti fi gírámafóònù yìí àti gbogbo àwo rẹ̀ ta ẹgbẹ́ wa lọ́rẹ. Àwa náà kò ní jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. A ti fi ọmọ wa fún wọn."

Gbogbo ojú yí sí mi. Láàárín wa, ọmọbìnrin tó bá kúnlẹ̀, tó dúpẹ́ lójú àwọn àgbà, ti gba ohun tí wọ́n fún un nìyẹn. Bí mo bá dúpẹ́, mo ti gba Lọ́yà. Bí n kò bá dúpẹ́, mo ti dójú ti ẹni tó tọ́ mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Àǹtí Hilda gbé ọwọ́ lé mi ní èjìká, ó ń tẹ̀ mí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Àwọn àgbà ń dúró."

N kò kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú," ni mo wí. "Mi ò fẹ́ wọn. Mo ti sọ ọ́ fún yín nínú ilé, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí. Èmi kì í ṣe àwo tí ẹ máa fi ṣe pàṣípààrọ̀."

Àǹtí Lucy bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹkún ìyàwó nìyẹn o."

"Ọmọ tó mọ àṣà," ni Bàbá Àkàngbé, àgbà ẹgbẹ́, dáhùn. "Ṣé kí ó sáré gbà ni? Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àárọ̀ dé alẹ́ ni ìyá mi fi sun ẹkún tiwọn, ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n sì bí."

"Kì í ṣe ẹkún ìyàwó," ni mo wí, mo sì gbé ohùn sókè. "Mi ò sunkún. Mo ní mi ò fẹ́."

"Ẹ gbọ́ ohùn," ni Àǹtí Lucy wí. "Ó ń kọ́ wa, òun náà sì lè ṣe é."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní kí n tún un ṣe. Ìgbà náà ni mo rí bí wọ́n ṣe há mi mọ́. Bí mo bá kọ̀, ìyàwó rere ni mí, nítorí ìyàwó rere a máa kọ̀. Bí mo bá pariwo, olórin ni mí. Bí mo bá dákẹ́, mo ti gbà. Omijé tí wọ́n da sílẹ̀ fún obìnrin tí wọn kò rí rí kò ì gbẹ lójú wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Iṣẹ́ lọ́yà ni kí ó mọ ẹ̀rí yàtọ̀ sí eré. Mo lọ síbi tó jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

"Lọ́yà, sà, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé eré ni mò ń ṣe?"

Ó wò mí pẹ́.

"Rárá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé òótọ́ ni."

Àyà mi balẹ̀. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ohùn Àǹtí Hilda: "Ẹ ò rí i, ó ti kúnlẹ̀." Mo yára nà ró, mo ní n kò kúnlẹ̀, kí wọ́n bi Lọ́yà. Wọ́n sì wò ó lóòótọ́. Lọ́yà dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, tirẹ̀ ló sì dún jù nínú pálọ̀ náà.