Ewé Tí Kò Gbẹ ní Ìlú Èèrà

Ìlú Èèrà tòrò kí wàhálà tó wọ̀ ọ́. Kò sí aláàárù kan níbẹ̀ tó mọ ọ̀nà dé òpin. Bodè tó sún mọ́ ọn ló mọ̀, oníbodè ni yóò júwe ìyókù fún un. Bí oníbodè bá sì rí i pé bodè mìíràn yá ju tòun lọ, yóò já ewé tútù lé ọ̀nà fún ẹni tó ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ní, "Má tọ̀ mí wá mọ́, ọ̀hún ni kó o gbà." Ewé àjèjì kì í darí ẹrù ẹnikẹ́ni. Bí ewé náà bá ti gbẹ, àṣẹ rẹ̀ tán nìyẹn. Èèrà á padà wá béèrè. Ọ̀nà kan ò ṣáà wọ ọjà.

Àwẹ̀ró ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dùn jù. Àrìnpé àbúrò rẹ̀ bímọ sí ìdí ọsàn lódìkejì odò, kò sì tíì lè dìde. Àwẹ̀ró ló ń ru oúnjẹ lọ fún un. Láníhùn, oníbodè Òkè, já ewé fún un pé kó gba Bodè Odò, nítorí afárá tuntun tó wà níbẹ̀ yá ju ọ̀nà Òkè tó yí orísun odò po lọ. Afárá ọ̀hún, igi ìṣáná kan ni.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọba tuntun gorí ìtẹ́. Inú bí i pé àwọn èèrà ń padà béèrè ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé ewé ló ń gbẹ ni, àbí ọ̀rọ̀ tèmi?" Ó ní kí wọ́n gé ewé lára agolo sadíìnì, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, kí wọ́n sì gbé e dúró síwájú Bodè Òkè, kó máa darí gbogbo èèrà sí Bodè Odò títí láé. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ ni òjò ńlá rọ̀, tí omi gbé igi ìṣáná lọ.

Ẹ wá wo ìran! Àwọn aláàárù dé Bodè Odò, kò sí afárá. Wọ́n ṣẹ́rí padà sí Bodè Òkè, wọ́n bá ewé agolo tó tutù yọ̀yọ̀, wọ́n kúnlẹ̀ kí i, wọ́n tún forí lé Bodè Odò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yí po. Àwọn kan pàdé níbẹ̀, wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bímọ, wọ́n sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Ọba tilẹ̀ fi ẹni tó yí jù joyè Balógun Ayíká. Àwẹ̀ró wà láàárín wọn, oúnjẹ ń bu lórí rẹ̀, ó ń sunkún àbúrò rẹ̀.

Nígbà tó sú u, ó wọ ìgbìmọ̀ lọ, ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Afárá ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ewé yìí, kí ebi má pa ọmọ ìyá mi àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀."

Ọ̀tún Ọba dìde, ó fi ìwo orí rẹ̀ júbà. "Ẹ̀yin ìjòyè, ewé ò jẹ̀bi. Odò ló ṣẹ̀ sọ́ba, tó gbé afárá láìgbàṣẹ. Mo dábàá pé ká bá odò wí."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀!" ni gbogbo wọn wí.

Ọba fúnra rẹ̀ lọ. Ó bá odò wí títí, odò ń ṣàn lọ ní tirẹ̀. Ó padà dé Bodè Òkè, ó bá ewé rẹ̀ níbẹ̀. Háà! Ọba ò kúkú lè tàpá sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Òun náà bá yí padà sódò. Wọ́n ní ó ṣì wà lójú ọ̀nà.

Bí a bá ń sunkún, à á sì máa ríran. Àwẹ̀ró tọ Láníhùn lọ.

"Baba, ẹ kú ìdúró. Ọ̀nà ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọmọ mi. Ta ló bi mí? Ewé ni gbogbo yín ń kí."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó gba abẹ́ ewé agolo kọjá.

Ó bá Àrìnpé láàyè. Ọmọ ni kò bá. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó dì mọ́ ọn, wọ́n sunkún títí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀nà ni ò dáa ni?"

"Ọ̀nà dáa, Àrìnpé. Ewé ni ò gbẹ."