Àmín Tí Kò Dúró Gbọ́

Ọkọ mi, Akínbọ̀wálé, ni ó tú eré orí ìtàgé kan sí Yorùbá. Eré àtijọ́ ni, láti ilẹ̀ Faransé, ẹ̀fẹ̀ sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọkùnrin kan fi àwẹ̀ àti àdúrà wọ ilé ẹni ẹlẹ́ni, ó sì fẹ́ gba ilé náà mọ́ onílé lọ́wọ́. Akínbọ̀wálé gbé ilé náà wá sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó sọ ọkùnrin náà di wòlíì. Ọkọ mi kú kí ó tó gbọ́ eré náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀, fún wa ní yàrá ńlá ẹ̀yìn láti fi ṣe é. Kò sí ibòmíràn tí agbára wa ká. Nígbà tí ọjọ́ eré kù díẹ̀, Alàgbà Adésànyà, tí wọ́n ń mójú tó yàrá náà, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Inúmidùn, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi pásítọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹlẹ́tàn ni, sà. Kì í ṣe pásítọ̀."

"Ṣé ó ń gbàdúrà?"

"Ó ń gbà á, sà."

"Ẹ yọ àdúrà yẹn kúrò. A kì í fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré. Bí ẹ ò bá yọ ọ́, mi ò ní lè ṣílẹ̀kùn fún yín."

Ilé ìwé àwọn ajíhìnrere ni mo lọ. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í bá àgbà jiyàn. Mo ní mo ti gbọ́.

Mo ròyìn fún àwọn òṣèré. Hameedah, tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú eré náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn dé láti Camberwell.

"Aunty, bí wòlíì ò bá gbàdúrà, kí ló máa wá ṣe? Kó máa din dòdò?"

Cornelius, wòlíì wa, tí wọ́n bí sí Peckham níbí, mi orí. "No prayer, no play, Aunty. Gbogbo line mi ni àdúrà."

Òótọ́ ni. Inú àdúrà ni ọkọ mi kó gbogbo ẹ̀fẹ̀ sí. Mo padà lọ bẹ Alàgbà pé kí wọ́n wá gbọ́ ọ ná. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́ tán tí wọ́n ṣì ní ká yọ ọ́, èmi fúnra mi ni màá tú àwọn òṣèré ká.

Wọ́n wá ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá. Uncle Làtíìfù, tó ń ta fóònù ní Rye Lane, ló ń ṣe onílé; ó kúnlẹ̀, ó di ojú. Cornelius gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì ń sáré gbàdúrà bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀.

"Olúwa, bùkún ilé yìí."

"Àmín," Alàgbà dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ohun tó bá wúwo fún onílé, mú un kúrò."

"Àmín."

"Ilé yìí wúwo fún un."

"Àmín."

"Gbé e fún mi."

"Àmín ní orúkọ Jésù."

Uncle Làtíìfù la ojú kan. "Alàgbà, ilé mi lẹ fi tọrẹ yẹn o."

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Ìgbà tí mo gbójú sókè, èjìká Alàgbà ló ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

"Ó mú mi," ni wọ́n ń wí. "Akínbọ̀wálé ti ọ̀run mú mi."

Mo bi wọ́n bóyá kí Cornelius máa rọra gbà á, kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí.

"Rárá o. Bó bá rọra gbà á, wọ́n á gbọ́. Kó yára bẹ́ẹ̀ gan-an. Kí ẹnu kálukú mú un bó ṣe mú èmi."

Wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n wá síwájú, wọ́n di ọwọ́ Cornelius mú. "Ọwọ́ rẹ fúyẹ́ jù, ọmọ yìí. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ni lórí rèé."

"Bàbá," Hameedah ní, "ẹ kúkú gba ipa wòlíì yẹn."

"Ọlọ́run má jẹ́."

"Àmín," gbogbo wa dáhùn.